Ọ̀sẹ̀ méjì ni páàsì ọkọ mi: báwo la ṣe fẹ́ rí oyún?

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ń gbé, olùkọ́ ni mí, mo jẹ́ ẹni ọdún 31. Ṣọ́jà ni ọkọ mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí a ti ṣe ìgbéyàwó, oṣù kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó ni wọ́n sì gbé e lọ sí Borno. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló máa ń gba páàsì, ìyẹn ìsinmi iṣẹ́ ológun, wálé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nǹkan oṣù mi máa ń tó ọjọ́ 33 kó tó tún dé. Èyí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá yìí. Mo ti mu àgbo títí. Nọ́ọ̀sì kan fún mi ní Clomid, mo lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ẹnìkan tún ní kí n lọ fọ ilé ọmọ. Ìyá ọkọ mi ti ń wò mí bákan. Ọkọ mi ní ara òun le, òun ò ní ṣe àyẹ̀wò kankan. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe ológun ní Amẹ́ríkà sọ pé ìjọba ló ń sanwó IVF (kí wọ́n pa ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ níta ara) fún ṣọ́jà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbí? Oṣù kejìlá ló ń bọ̀ wálé. Kí ni ká ṣe?”

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà o. Ohun tí ẹ ń bèèrè gan-an ni bóyá ẹ̀yin lẹ ní àléébù, àti ẹni tí yóò san owó bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ìwòsàn ńlá. Màá dáhùn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí: nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sí ẹyọ kan tó fi hàn pé ẹ̀yin ni oyún ò dúró sí lára. Kò tíì sí ẹni tó wò ó rárá.

Ẹ jẹ́ ká tún ọdún mẹ́rin yẹn kà. Kí dókítà tó sọ pé tọkọtaya ń wá ọmọ tí wọn ò rí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń sùn pọ̀ ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra fún oṣù 12, láìlo ohun tó ń dènà oyún. Bí obìnrin bá ti pé 35, oṣù 6 ni wọ́n ń kà. Ẹyin obìnrin kì í lò ju wákàtí 12 sí 24 lọ lẹ́yìn tó bá jáde. Sípáàmù, ìyẹn àwọn ohun alààyè tíntìntín inú àtọ̀ tó ń di ọmọ, lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà péré ni oyún lè tinú rẹ̀ wá láàárín nǹkan oṣù kan sí òmíràn. Ọkọ yín ti wálé bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Bí a bá fi ọjọ́ mẹ́fà yẹn wé páàsì ọlọ́jọ́ 14 nínú oṣù ọlọ́jọ́ 33, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú mẹ́jọ náà ni páàsì yóò kan ọjọ́ tó ṣe é ṣe, òmíràn yóò sì kàn án létí lásán. Nítorí náà, ọdún mẹ́rin tí àwọn ará ilé ń kà, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ló jẹ́ lójú ìṣègùn. Ẹni tí kò ní àìsàn kankan, tó bọ́ sí ọjọ́ tó yẹ gẹ́lẹ́, kì í ní ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ pé oyún máa dé lóṣù yẹn. Lẹ́yìn irú ìgbà márùn-ún bẹ́ẹ̀, nínú tọkọtaya mẹ́ta tí ara wọn dá ṣáṣá, ọ̀kan yóò ṣì wà láìlóyún. Ẹ fi ìṣírò yìí han ọkọ yín. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá rẹ̀. Láti ẹnu ọmọ ni yóò ti wọ̀ ọ́ létí.

Ní ti oṣù kejìlá, ọjọ́ tó máa wọlé ló ṣe pàtàkì jù. Nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó tún dé ni ẹyin ń jáde, a kì í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí oṣù wọn jẹ́ ọlọ́jọ́ 28 ló máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlá fún. Tiyín yóò lọ sí nǹkan bí ọjọ́ 19 tàbí 20, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti ń ṣì í. Bí nǹkan oṣù yín bá dé ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, èyí tó tẹ̀lé e yóò wá ní bí ọjọ́ 7 oṣù kìíní, ẹyin yóò sì jáde ní bí ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù kejìlá. Láti ọjọ́ 18 sí 24 ni ọjọ́ yín. Bí ọkọ yín bá gba páàsì láti ọjọ́ 15, ẹ wà nínú rẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ló tó wọlé, ìgbà yẹn ti kọjá, ẹ ó kàn jọ jẹ ọdún ni. Mo mọ̀ pé ṣọ́jà kì í yan ọjọ́ páàsì fúnra rẹ̀, pàápàá lójú ogun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè bèèrè, tó sì dárúkọ ọ̀sẹ̀ tó fẹ́, sàn ju ẹni tó ń dúró de ohun tí wọ́n bá fún un lọ. Ẹ ṣírò ti oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí i. Ìṣírò náà lè fi ọjọ́ méjì-mẹ́ta yẹ̀, nítorí náà ẹ ra sítíríìpù tí wọ́n fi ń wo ìgbà tí ẹyin fẹ́ jáde ní ilé òògùn. Láti ọjọ́ 13 nínú oṣù yín ni kí ẹ ti máa lò ó, lọ́sàn-án tàbí ìrọ̀lẹ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí ẹ má sì mu omi púpọ̀ fún bíi wákàtí méjì ṣáájú, torí ìtọ̀ tó ṣàn jù kì í jẹ́ kí ìlà hàn. Ọjọ́ tí ìlà kejì bá dúdú tó ti àkọ́kọ́ tàbí tó jù ú lọ, ẹyin yóò jáde láàárín bí wákàtí 24 sí 36. Ẹ máa sùn pọ̀ lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan. Kí ọkùnrin máa kó àtọ̀ pa mọ́ de ọjọ́ ńlá kì í ràn án lọ́wọ́. Àtọ̀ tó pẹ́ lára jù, sípáàmù inú rẹ̀ ti ń rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí àyẹ̀wò tí ọkọ yín kọ̀. Ọkùnrin lè le bí irin kó má sì sí sípáàmù kan nínú àtọ̀ rẹ̀. Kóró ẹpọ̀n ń ṣe iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ó ń ṣe èròjà tó ń fún ọkùnrin lágbára, ó sì ń ṣe sípáàmù. Agbára ọkùnrin kò sọ ohunkóhun nípa èkejì. Nínú tọkọtaya tí ọmọ pẹ́ fún, bí ìdajì wọn ló jẹ́ pé ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ti obìnrin. Àyẹ̀wò àtọ̀ kò ní abẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀jẹ̀, owó rẹ̀ kéré sí gbogbo èyí tí wọ́n máa ṣe fún ẹ̀yin. Òun ló sì yẹ kó ṣáájú, torí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọkọ yín wà nílé, ẹ̀yin sì wà ńbí lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é rèé, torí ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ pọ̀. Àtọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀ kò dára fún àyẹ̀wò, èyí tó ti kú yóò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wálé, kí ẹ sùn pọ̀, kó wá fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sinmi (kò gbọ́dọ̀ ju méje), kó tó lọ. Bó bá dé ní ọjọ́ 15, kó lọ ní ọjọ́ 18, kí àwọn òṣìṣẹ́ láàbù tó bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ọdún. Ẹ má ṣe é sínú ike ní Ìkọ̀lé kí ẹ wá gbé e wọ mọ́tò wá sí Adó. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan ló yẹ kí wọ́n ti wò ó, bó bá sì tutù lọ́nà, èsì yóò burú láìjẹ́ pé ọkùnrin náà ní àìsàn. EKSUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó-Èkìtì, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, tàbí ilé ìwòsàn ti yunifásítì Afe Babalola (ABUAD), èyíkéyìí tó bá rọrùn, kó ṣe é níbẹ̀ gan-an. Kó bèèrè yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ lè tẹ̀ lé e wọlé bí wọ́n bá gbà. Kó má lo kọ́ńdọ̀mù, ọṣẹ, Vaseline tàbí itọ́, gbogbo wọn ń pa sípáàmù. Gbogbo àtọ̀ ni kó bọ́ sínú ike, ìdà àkọ́kọ́ pàápàá, torí ibẹ̀ ni sípáàmù pọ̀ sí jù. Bí díẹ̀ bá dà sílẹ̀, kó sọ fún wọn. Kó sì sọ bó bá ní ibà láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Bí èsì bá dé, ẹ wo ohun mẹ́rin. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2021 ni pé kí àtọ̀ tó mílílítà 1.4, kí sípáàmù tó mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, kí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún máa mira, kí ìdá 4 ó kéré tán ní ìrísí tó péye. Ìdá 4 yẹn máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń bímọ nìyẹn. Ẹni tó bá rẹlẹ̀ sí èyí kò tíì di ẹni tí kò lè bímọ. Kó tún un ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, torí ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí sípáàmù tó pé. Kò nílò kó dúró di páàsì mìíràn, wọ́n lè ṣe é fún un ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Maiduguri. Ohun tó sì ń bà á jẹ́ lára àwọn ṣọ́jà kò ṣàjèjì. Ibà gbígbóná kan lè dín in kù fún oṣù méjì-mẹ́ta. Tramadol, tí àwọn kan ń lò kí oorun má kùn wọ́n tàbí kí ìrora dín kù, ń fa ìránṣẹ́ ọpọlọ sí kóró ẹpọ̀n sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà kí iṣan wọn yọ, èyí tó ní testosterone, èròjà ọkùnrin, nínú, tiẹ̀ lè mú kí sípáàmù tán pátápátá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ó lè gba oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Sìgá wà níbẹ̀, ọtí àmujù wà níbẹ̀, ooru inú ọkọ̀ ogun tí èèyàn jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́ wà níbẹ̀. Àtọ̀sí tí wọn ò tọ́jú parí lè dí ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà. Iṣan tó wú nínú àpò ẹpọ̀n, tí ọkùnrin máa ń fọwọ́ bà bí ìdì kókòrò lápá òsì nígbà tó bá dúró, ṣeé ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ogun sì tún ń ba oorun àti ọkàn jẹ́. Ẹni tí àlá burúkú ń jí lóru, tí kò wu ú kí ó fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀, àìsàn ni, kò túmọ̀ sí pé ó ní obìnrin mìíràn. Kó sọ fún dókítà, kó sì tún sọ òògùn tó ń lò, torí àwọn òògùn kan fún ọkàn máa ń jẹ́ kí àtọ̀ pẹ́ jáde.

Ní tiyín, ẹ dá Clomid dúró. Oògùn náà ń mú kí ẹyin dàgbà, àwọn tí ẹyin wọn kì í jáde déédéé ló sì wà fún. Ẹ lò ó fún oṣù mẹ́ta tí ọkọ yín ò sí nílé; bí ẹni tó se oúnjẹ sílẹ̀ fún àlejò tí kò sí nílùú ló rí. Bí túùbù tó gbé ẹyin wá sí ilé ọmọ bá dí, kò lè ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọ ilé ọmọ yín. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, irin tí wọ́n fi ń ha inú rẹ̀ lè mú kí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kí ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Àgbo tí ẹ ń mu náà, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀. Àyẹ̀wò tó yẹ yín ṣeé parí kí ọkọ yín tó dé. Wọ́n lè wo ẹ̀jẹ̀ yín fún progesterone, èròjà tó ń pọ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹyin jáde. “Ọjọ́ 21” ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje kí nǹkan oṣù tó dé ló túmọ̀ sí, tiyín sì jẹ́ bí ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá yìí. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ 21 inú oṣù yín, wọ́n á ní ẹyin ò jáde, ẹ ó sì sunkún lásán. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin nǹkan oṣù tó ń bọ̀ ni kí wọ́n yẹ FSH àti LH, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí ẹyin, wò, kí wọ́n sì wo prolactin, èròjà tó ń mú ọmú ṣe wàrà, àti èròjà thyroid tó wà níwájú ọrùn lẹ́ẹ̀kan náà. Síkáànù yóò fi ìju hàn bó bá wà. Ẹ́síréè túùbù, HSG, wà láàárín ọjọ́ 7 sí 11, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dá tí ẹyin ò tíì jáde. Yóò dùn bí inú rírun nǹkan oṣù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ lè bèèrè òògùn ìrora wákàtí kan ṣáájú.

Bí àtọ̀ rẹ̀ bá dára, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rò dáadáa kí ó tó padà: kí ó fi àtọ̀ pa mọ́. Wọ́n ń pò ó pọ̀ mọ́ ohun tí kì í jẹ́ kí yìnyín ya á, wọ́n á pín in sínú àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́, wọ́n á rì í sínú nitrogen olómi tó tutù dé ìwọ̀n 196 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá yọ́ ọ, bí ìdajì lè má jí mọ́, ìdí nìyẹn tó fi dára kó fi ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta sílẹ̀, ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C, àti syphilis. Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá ni ẹ ó ti rí ilé ìwòsàn tó ń ṣe é, nítorí náà ó máa jẹ ọjọ́ mélòó kan nínú páàsì rẹ̀, owó ìpamọ́ sì wà lọ́dọọdún. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń fi nitrogen kún ìkòkò náà àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa fọwọ́ sí ìwé, kí ìwé náà sì sọ ní kedere bóyá ẹ lè lò ó nígbà tí kò sí nílé, àti ohun tí wọ́n máa ṣe sí i bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni fún ìyàwó ṣọ́jà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i.

Àtọ̀ tó wà nípamọ́ ni wọ́n lè fà sínú ilé ọmọ yín lọ́jọ́ tí ẹyin bá fẹ́ jáde, tàbí kí wọ́n lò ó fún IVF. Èyí àkọ́kọ́ dínwó jù, ṣùgbọ́n túùbù gbọ́dọ̀ ṣí, kì í sì í mú jù bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. IVF, tí wọ́n ti fi bí ọmọ àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa ní LUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì Èkó, lọ́dún 1989, ń mú bí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí wọn kò tíì pé 35, ní ilé ìwòsàn tó dára. Ó ń dínkù gidi lẹ́yìn 40. Èrò tèmi ni pé kò tíì yá fún yín. Bí túùbù méjèèjì bá dí, tàbí sípáàmù ọkọ yín kéré jọjọ, ẹ má fi àkókò ṣòfò, ẹ lọ síbẹ̀ tààrà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ gbìyànjú páàsì méjì tó bọ́ sí ọjọ́ yín gẹ́lẹ́, ẹ fi àtọ̀ tó wà nípamọ́ kún un láàárín wọn, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ọdún kan. Ẹ ó ṣì jẹ́ 32.

Owó wá ńkọ́? Àbúrò ọkọ yín kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo rẹ̀. Láti 2016 ni òfin Amẹ́ríkà ti fún àjọ tó ń tọ́jú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, VA, láyè láti san owó IVF fún ẹni tó jẹ́ pé ọgbẹ́ tàbí àìsàn ẹnu iṣẹ́ ológun ló ń dí i lọ́wọ́ ọmọ. Ní 2024 ni wọ́n mú un gbòòrò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò tíì ṣègbéyàwó. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò fara gbọgbẹ́, adójútòfò wọn kì í san IVF fún un. Àwọn ilé ìwòsàn ológun bíi Walter Reed kàn ń ṣe é ní owó tó dínkù, òun ló sì ń san án. Níbí, ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba, NHIA, tí òfin 2022 fi rọ́pò NHIS, yọ IVF, ICSI (kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ti sípáàmù kan ṣoṣo sínú ẹyin) àti fífa àtọ̀ sínú ilé ọmọ kúrò pátápátá. Defence Health Maintenance Limited ló ń bójú tó ti àwọn ológun àti ìdílé wọn. Rírí dókítà, ìtọ́jú àtọ̀sí, àti púpọ̀ nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti síkáànù lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ rí i pé orúkọ yín wà lórí fọ́ọ̀mù ọkọ yín, kí ẹ sì gba kóòdù ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò; bí ẹ bá ti sanwó tán, ó ṣòro kí wọ́n tó dá a padà. Ọkọ yín náà lè gba ìwé ní MRS, ilé ìwòsàn kékeré ti ẹ̀ka rẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn ológun ńlá, 44 ní Kàdúná tàbí 68 ní Yábàá, kó rí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀nà ìtọ̀ àti ẹpọ̀n níbẹ̀.

Ìdílé tí ọkọ wọn fara gbọgbẹ́ nídìí tàbí lẹ́gungun ẹ̀yìn yóò ka èyí pẹ̀lú. Bí àtọ̀ kò bá lè jáde mọ́, ó ṣeé ṣe kí sípáàmù ṣì wà nínú kóró ẹpọ̀n, wọ́n sì lè fi abẹ́rẹ́ fà á jáde fún ICSI. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́, ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re lábẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin ní Adó-Èkìtì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ilé ẹjọ́ ni yóò sì parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá san owó gbé ọmọ tuntun, ẹ sá fún un. Ẹ̀wọ̀n ni.

Láti ìwé yín nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀; bí túùbù yín ṣe rí, bí àtọ̀ ọkọ yín ṣe rí, àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́, dókítà tó bá sì fojú rí yín lè yí àwọn ọjọ́ tí mo kọ yìí padà. Ohun méjì ni ẹ kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni fún. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín méjèèjì, bí ẹ kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ folic acid lónìí, máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́. Bó bá jẹ́ oníwọ̀n mílígíráàmù 5 ni ilé òògùn ní, ẹ bi dókítà kí ẹ tó lò ó.